Láti Excel sí Word: bí ẹ ṣe lè gbé iṣẹ́ àdàkọ fún kọ̀ǹpútà, kí orúkọ ẹnikẹ́ni má sì bàjẹ́

Ní ọ̀sẹ̀ tó máa ń kẹ́yìn sáà ẹ̀kọ́, iṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ mọ̀ dunjú. Máàkì gbogbo ọmọ ti wà nínú Excel: orúkọ, kíláàsì, ìṣirò, Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé èsì tí òbí máa gbà wà nínú Word, pẹ̀lú orúkọ ilé ẹ̀kọ́ lókè. Olùkọ́ á ṣí méjèèjì, á kọ́pì orúkọ ọmọ kan níbí, á lọ lẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, á padà wá mú máàkì, á tún lọ lẹ̀ ẹ́. Bí kíláàsì bá ní ọmọ 40, tí ìwé èsì kọ̀ọ̀kan sì ní àyè 12 tó gbọ́dọ̀ kún, ìgbà 480 ni yóò kọ nǹkan sí àyè. Àyè kejìlá ni ibi tí olùkọ́ ti ń sọ ohun tó rí lára ọmọ náà. Kó tó débẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa kọ fún gbogbo wọn.

Iṣẹ́ yìí kò mọ sí ilé ẹ̀kọ́. Akọ̀wé ìjọ tó ń kọ lẹ́tà ìpè ń ṣe é. Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó fẹ́ fún kálukú ní ìwé owó tó ti dá ń ṣe é. Ẹni tó ń tẹ káàdì ìdánimọ̀ ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà lè parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbé e fún un gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun kan: lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, aṣọ tí ọ̀rọ̀ wọ̀ lọ́tọ̀.

Kí ló dé tí ohun tó dára nínú Excel fi ń dàrú nínú Word?

Ẹ ṣí Excel, kí ẹ tẹ 22190 sínú àpótí kan, kí ẹ wá ní kó fi hàn bí ọjọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960 ni yóò jáde, ọjọ́ tí Nàìjíríà gba òmìnira. Excel kì í tọ́jú ọjọ́ bí a ṣe ń pè é lẹ́nu. Iye ọjọ́ ló ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1900, ó sì ń fi aṣọ ọjọ́ wọ iye náà kí a lè kà á. Bẹ́ẹ̀ ni owó rí. ₦15,000.00 tí ẹ rí lójú, 15000 lásán ló wà nísàlẹ̀. Àmì náírà, kọ́mà àti òdo méjì ẹ̀yìn, aṣọ ni gbogbo wọn. 75% náà, 0.75 ló ń jẹ́ nísàlẹ̀.

Nígbà tí Word bá wá mú ọ̀rọ̀ nínú Excel láti fi kún lẹ́tà, ara ló sábà máa ń mú, á fi aṣọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó fi ń dé inú lẹ́tà láìní kọ́mà, tí 75% fi ń di 0.75, tí ọjọ́ sì ń yí padà sí ti Amẹ́ríkà, níbi tí oṣù ti ń ṣíwájú ọjọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rò pé àwọn ló tẹ nǹkan tí kò yẹ. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nọ́ńbà fóònù ló ń jìyà jù. Ẹ tẹ nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0803, ó di 803, nítorí Excel gbà pé iye ni, òdo tó ṣíwájú iye kò sì wúlò fún un. Nọ́ńbà àkáùntì báǹkì ní Nàìjíríà jẹ́ ẹyọ 10. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo yóò ṣẹ́ ku 9. Nọ́ńbà tó bá gùn ju ẹyọ 15 lọ, bíi ti káàdì ATM tó sábà máa ń jẹ́ 16, tiẹ̀ burú jù: Excel yóò sọ ẹyọ tó kẹ́yìn di òdo, kò sì ní rántí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ yan òpó náà, kí ẹ sọ ọ́ di "Text". Ẹnikẹ́ni kì í ro nọ́ńbà fóònù méjì pọ̀. Orúkọ ni nọ́ńbà fóònù, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí orúkọ.

Mail Merge: lẹ́tà kan, orúkọ púpọ̀

Ọgbọ́n kíkọ lẹ́tà kan fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn ti pẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ètò ìkọ̀wé WordStar ti ní MailMerge. Word jáde ní 1983, Excel tẹ̀ lé e ní 1985, àwọn méjèèjì sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ tipẹ́. LibreOffice, tí a kì í sanwó rẹ̀, náà lè ṣe é.

Inú Excel ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìlà àkọ́kọ́ gbé orúkọ òpó kọ̀ọ̀kan: Orúkọ, Kíláàsì, Ìṣirò, Yorùbá. Ọmọ kan, ìlà kan. Ẹ má fi ìlà òfìfo sáàárín, ẹ má sì so àpótí méjì pọ̀ nítorí kó lè dára lójú. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìwé èsì kan ṣoṣo nínú Word, kí ẹ fi àyè orúkọ àti máàkì sílẹ̀. Ẹ lọ sí "Mailings", ẹ tẹ "Select Recipients", ẹ yan "Use an Existing List", ẹ wá fi fáìlì Excel yín hàn án. Níbi tí orúkọ ọmọ yẹ kó wà, ẹ tẹ "Insert Merge Field", kí ẹ yan Orúkọ. Word yóò kọ «Orúkọ» síbẹ̀, bí ẹni fi àga sílẹ̀ de àlejò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún máàkì kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ "Preview Results" láti wo bí yóò ṣe rí, lẹ́yìn náà "Finish & Merge". Ọmọ 40, ìwé 40.

Ní ti aṣọ tó ń bọ́ lójú ọ̀nà, ẹ rán an mọ́ ara kí ọ̀rọ̀ tó kúrò nílé. Bí owó bá wà ní B2, ẹ kọ èyí sí òpó tuntun: ="₦"&TEXT(B2,"#,##0.00"). Láti ìgbà náà, owó yẹn ti di ọ̀rọ̀ kíkọ, pẹ̀lú kọ́mà àti àmì náírà rẹ̀, kò sì sí ohun tí Word máa bọ́ kúrò lára rẹ̀. TEXT kan náà ló ń tọ́jú ọjọ́ àti ìdá ọgọ́rùn-ún.

Bí ó bá jẹ́ láti Word sí Excel ńkọ́? Ẹ tẹ bọ́tìnnì tí àmì ¶ wà lára rẹ̀. Àwọn àmì tó máa ń fara pa mọ́ yóò yọjú: ¶ níbi tí ìpínrọ̀ parí sí, ọfà kékeré níbi tí ẹnì kan ti tẹ Tab. Bí ẹ bá lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ Excel, ¶ ni yóò bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun, Tab ni yóò sún un sí òpó tó kàn. Nítorí náà, bí wọ́n bá fún yín ní orúkọ 300 tí kọ́mà pín orúkọ bàbá àti orúkọ ọmọ níyà, ẹ lọ sí "Find and Replace", ẹ ní kó fi ^t, tó dúró fún Tab, rọ́pò gbogbo kọ́mà. Ẹ kọ́pì, ẹ lẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ á bọ́ sí òpó méjì.

Ìbéèrè obìnrin kan nínú ọkọ̀ òfúrufú

Sumit Gulwani jẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Microsoft. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́, obìnrin oníṣòwò kan tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ òfúrufú gbọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe, ó sì ní kó ran òun lọ́wọ́: orúkọ àwọn ènìyàn wà nínú Excel òun ní oríṣiríṣi ọ̀nà, òun sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà. Gulwani kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó gbé ìwádìí jáde ní 2011 lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè fi àpẹẹrẹ díẹ̀ mọ ohun tí a fẹ́, èyí ló sì di Flash Fill nínú Excel 2013.

Bí orúkọ bá wà ní "ADÉYẸMÍ, Bọ́lá", tí ẹ fẹ́ "Bọ́lá Adéyẹmí", ẹ tẹ èyí tí ẹ fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, kí ẹ tẹ Ctrl àti E pọ̀. Excel yóò ṣe ìyókù. Àmọ́ Flash Fill ń méfò ni. Ẹni tó ní orúkọ mẹ́ta láàárín àwọn tó ní méjì lè pàdánù ọ̀kan, nítorí náà ẹ fi ojú yín tọ òpó náà títí dé ìsàlẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣe àṣejù

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọgbọ́n yẹn ni kọ̀ǹpútà kò ní. Nígbà mìíràn á jẹ́ iṣẹ́ gẹ́lẹ́ bí a ṣe rán an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá a mu. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, á fi tirẹ̀ kún un láìbéèrè.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti jẹ ìyà èyí. Lára àwọn jíìnì tó ń gbé àbùdá òbí sí ara ọmọ, wọ́n pe ọ̀kan ní MARCH1, òmíràn ní SEPT1. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ sínú Excel, ó ti di ọjọ́ kìíní oṣù kẹta tàbí ti oṣù kẹsàn-án. Ní 2016, Mark Ziemann, Yotam Eren àti Assam El-Osta, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Ọsirélíà, yẹ ìwé ìwádìí lórí jíìnì tí wọ́n ti tẹ̀ jáde pẹ̀lú fáìlì Excel wò. Nǹkan bí ọ̀kan nínú márùn-ún ló ní àṣìṣe yìí. Ní 2020, ìgbìmọ̀ tó ń sọ jíìnì lórúkọ gbé òfin tuntun jáde: MARCH1 di MARCHF1, SEPT1 di SEPTIN1. Ènìyàn ló yí orúkọ padà nítorí ẹ̀rọ. Ní 2023 ni Microsoft fi àyè sí Excel fún ẹni tí kò bá fẹ́ ìyípadà yẹn láti pa á.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní England dun ni jù, nítorí ẹ̀mí ènìyàn wà níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án sí ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá 2020, àwọn 15,841 tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n ní Covid-19 kò sí nínú iye tí ìjọba ń kà. Fáìlì láti ilé àyẹ̀wò ń wọ inú Excel fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n oríṣi Excel àtijọ́ ni wọ́n ń lò, èyí tí kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Ti òde òní ń gba 1,048,576. Ìlà tó bá kọjá iye yẹn já sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì tètè mọ̀. Àwọn tó ti fara kan wọn kò gbọ́ ní àkókò tó yẹ kí wọ́n gbọ́. Ká ní ẹnì kan ń ka iye tó wọlé àti iye tó jáde, wọn ì bá ti rí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Àmì ohùn wa ńkọ́?

Orúkọ Yorùbá ní ìṣòro tirẹ̀. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹnì kan lè tẹ ẹ kó tó fi àmì òkè lé e. Ẹlòmíràn lè tẹ é kó tó fi àmì sí ìsàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú ètò tí wọn kò bá kọ́, méjì ni. Ẹ lè wá ọmọ kan lórí kọ̀ǹpútà títí, kó ní kò sí níbẹ̀, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ń wò yín lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Òjó" nínú ìwé kan kò bá "Ojo" mu nínú ìwé kejì.

Ohun mẹ́ta ló ń dáàbò bo orúkọ wa. Ẹ fi oríṣi kíbọọ̀dù kan ṣoṣo tẹ gbogbo orúkọ. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìwọlé, kí ẹ máa fi nọ́ńbà náà so ìwé kan mọ́ èkejì. Orúkọ wà fún kíkà. Bí ẹ bá sì ń pa fáìlì mọ́ bíi CSV, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà pín níyà, ẹ yan èyí tí wọ́n kọ UTF-8 sí. Bí ẹ bá rí "áº¹" níbi tó yẹ kí ẹ ti rí "ẹ", ètò tó ṣí fáìlì náà ló ṣi lẹ́tà kà. Ẹ má tẹ ìwé náà. Ẹ tún fáìlì ṣí dáadáa. Orúkọ ọmọ kò yẹ kó bàjẹ́ lórí ìwé tí òbí rẹ̀ máa tọ́jú fún ogún ọdún.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fi lé ẹ̀rọ lọ́wọ́

Ẹ fi orúkọ mẹ́ta dán an wò ná: èyí tó kúrú jù, èyí tó gùn jù, àti èyí tí àmì rẹ̀ pọ̀ jù. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ ka iye ìlà Excel, kí ẹ ka iye ìwé tó jáde. Ẹ má gba fáìlì tí macro wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀. Macro ni iṣẹ́ tí a kọ sílẹ̀ fún Word tàbí Excel láti máa ṣe fúnra rẹ̀, inú rẹ̀ sì ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Melissa gbà tàn kálẹ̀ ní 1999. Ẹ má sì gbé orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ènìyàn sórí ìkànnì àjèjì nítorí kó lè bá yín tò ó. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, ẹni tó fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀ sì fọkàn tán yín.

Bí gbogbo èyí bá ti wà létòlétò, kọ̀ǹpútà á ti kọ nǹkan sí àyè 11 fún ọmọ 40 kí olùkọ́ tó mu omi tán. Àyè kejìlá á ṣì ṣófo. Ní báyìí, olùkọ́ ní àkókò láti rántí ọmọ tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, tí kì í sọ̀rọ̀ ní oṣù àkọ́kọ́ sáà, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ fún ìyá rẹ̀ láti kà: "Ó ti ń dá ìwé kà báyìí, ó sì ti ń na ọwọ́ sókè láti dáhùn ìbéèrè."