Ìwé Òfin Kan, Ọwọ́ Méjì

Ká sọ pé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ní Ìlútitun fẹ́ tún ìwé òfin wọn kọ. Akọ̀wé fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí àwọn tó wà l'Ékòó, ó fi ọ̀kan sílẹ̀ fún àwọn ará ilé. Nígbà tí méjèèjì padà dé, owó ọdún jẹ́ ₦2,000 nínú ti ilé, ₦5,000 nínú ti Èkó. Ta ló yí i padà nínú wọn? Ẹni tó bá tẹ́ ìwé méjì yìí nìkan síwájú kò lè mọ̀. Àfi kó lọ wá ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n da méjèèjì kọ láti inú rẹ̀. Bí ₦2,000 bá wà níbẹ̀, Èkó ló fi kún un, àwọn ará ilé kò fọwọ́ kàn án. ₦5,000 dúró, kò sí ìjà.

Bí Git, irinṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú àyípadà inú iṣẹ́ wọn, ṣe ń da ẹ̀ka iṣẹ́ méjì pọ̀ nìyẹn: ìwé mẹ́ta ló ń wò, kì í ṣe méjì. Oṣù kẹrin ọdún 2005 ni Linus Torvalds, ẹni tó dá ètò kọ̀ǹpútà Linux sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, nígbà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux kò rí BitKeeper, irinṣẹ́ irú rẹ̀ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, lò lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Láti ìgbà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó bá ń kọ ètò kọ̀ǹpútà pọ̀ l'Ókìtìpupa lè máa lo irinṣẹ́ kan náà tí wọ́n fi ń kọ Linux.

Bí àwọn ará ilé náà bá ti sọ ọ́ di ₦3,000 ńkọ́? Git kò ní dá a yàn. Yóò dúró, yóò sì kọ méjèèjì sínú fáìlì:

<<<<<<< HEAD
Owó ọdún: ₦3,000
=======
Owó ọdún: ₦5,000
>>>>>>> eko

Ti òkè ni ti ẹ̀ka tí o wà lórí rẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ni èyí tí o ń mú wọlé. Ohun tó máa ń dùn mí ni bí ọ̀pọ̀ ṣe ń pa apá kan rẹ́ láìbi ẹni tó kọ ọ́. Ẹ pè é, ẹ jọ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, pa àwọn àmì yẹn rẹ́, kọ iye tí ẹ fẹnu kò sí, kí o wá lo `git add` àti `git commit`. Bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú kí o tó dé `git commit`, `git merge --abort` á dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí Git kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ló léwu jù. Ká sọ pé Èkó yọ ipò akápò kejì kúrò ní ojú ewé kejì. Ní ojú ewé kẹsàn-án, àwọn ará ilé fi kún un pé akápò kejì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí gbogbo ṣẹ́ẹ̀kì. Ìlà wọn kò pàdé, nítorí náà Git dà wọ́n pọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹgbẹ́ kò sì lè gba owó kankan ní báǹkì mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí bí ẹnì kan bá yọ iṣẹ́ kan (function) kúrò nínú ètò tí ẹlòmíràn sì ń pè é láti fáìlì mìíràn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dán ètò wò lẹ́yìn gbogbo àdàpọ̀, àní èyí tó lọ láìsí ìdíwọ́.