Àṣẹ Nìkan Kò Lè Mú Kí Ọjà Pọ̀

Nígbà tí ọ̀wọ́n bá gbòde, ìjọba a máa dá iye owó lé ọjà kí mẹ̀kúnnù má baà jìyà. Ète náà dára, ṣùgbọ́n ohun tí ojú àwọn ará Gáńà rí fi hàn pé àṣẹ nìkan kò tó.

Ní ọdún 1977, iye owó ọjà níbẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Ìnáwó ìjọba ju owó tí ń wọlé fún un lọ, ó sì ń tẹ owó sí i. Owó pọ̀ lóde, ọjà kò pọ̀. Ẹni tí ó bá ta ọṣẹ tàbí súgà ní iye tí ìjọba dá kò ní rí owó ra òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà ọjà kúrò lórí àtẹ, ó di ohun tí a ń tà ní kọ̀rọ̀. Òwò yìí ni wọ́n ń pè ní “kalabule”. Àwọn àgbẹ̀ tí iye tí ìjọba ń ra kòkó kò tẹ́ lọ́rùn ń ṣe fàyàwọ́ rẹ̀ lọ sí Tógò.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 1979, àwọn ológun tí ń ṣèjọba wó ọjà Makola ní Ákrà palẹ̀. Wọ́n ní àwọn obìnrin oníṣòwò ni ó fa ọ̀wọ́n. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ní ọdún 1981, iye owó ọjà tún fò ju ìlọ́po méjì lọ.

Láti ọdún 1983 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí tú àwọn àṣẹ náà ká. Kí ó tó dìgbà náà, ẹni tí ó mọ ọ̀gá ni ó ń rí ọjà rà ní iye ìjọba. Mẹ̀kúnnù tí a torí rẹ̀ ṣe òfin kò mọ ẹnikẹ́ni.