Olè tó ń jí ojú gbé l'Accra

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Alajo, ní ìlú Accra, ẹ bá wa ka ọ̀rọ̀ yìí sí wọn létí.

Ní èbúté Tema, tí kò jìnnà sí wọn, àwọn onímọ̀ ìṣègùn yẹ ojú ènìyàn 5,603 tí wọ́n ti tó ọmọ ogójì ọdún wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2013. Àwọn 362 ni wọ́n bá àrùn glaucoma lójú wọn. Nínú gbogbo wọn, ènìyàn 12 péré ló mọ̀ pé òun ní in! Àwọn yòókù ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọn kò fura.

Omi kan wà nínú ẹyinjú tó máa ń sun, tó sì máa ń ṣàn jáde. Bí ọ̀nà àbájáde rẹ̀ bá dí, omi náà á máa ti ẹyinjú láti inú, á sì máa pa iṣan tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Kì í sábà dunni. Èyí tó bá ti kú nínú iṣan náà, kò sí oògùn tó ń jí i.

Lọ́dún 1948, Paton àti Zaimis ní ìlú London ṣàlàyé iṣẹ́ hexamethonium, oògùn tó ń dí oríta tí iṣan kan ti ń jíṣẹ́ fún èkejì. Nígbà tí àwọn dókítà ń fi í wo ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n rí i pé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rọlẹ̀ ni agbára omi inú ojú náà ń rọlẹ̀. Wọ́n bá dán an wò fún glaucoma. Ṣùgbọ́n gbogbo oríta ni oògùn yìí ń dí. Ẹni tó lò ó á dìde, òòyì á kọ́ ọ. Ẹnu á gbẹ, ìgbẹ́ á nira láti yà. Èyí tó burú jù ni pé bí ẹ̀jẹ̀ bá já wálẹ̀ lójijì, kì í dé ibi iṣan ojú dáadáa mọ́, àwọn kan sì fọ́jú. Àbí irú ìwòsàn wo nìyẹn? Wọ́n pa á tì.

Oògùn tí a ń kán sójú ló wọ́pọ̀ báyìí, bíi timolol, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 1978. Kí ẹni tó ní ikọ́ fée má ṣe kán an láìsọ fún dókítà.

Ṣùgbọ́n ewu àtijọ́ yẹn kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ a máa rọlẹ̀ lóru fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní glaucoma, tó wá sọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru di ìlọ́po méjì lálẹ́ láìbéèrè, ojú rẹ̀ ló ń fi ṣeré. Kí ó jẹ́ kí dókítà ojú mọ oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ń lò, kí dókítà ẹ̀jẹ̀ náà sì mọ èyí tó ń kán sójú. Ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ti ní in ni kó kọ́kọ́ lọ fún àyẹ̀wò, nítorí àrùn náà a máa rìn nínú ẹbí.