Òjé Inú Omi Ẹ̀rọ àti Fílítà Tó Lè Mú Un

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, iléeṣẹ́ General Motors tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ní ìlú Flint, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, kọ omi ẹ̀rọ ìlú náà sílẹ̀. Omi ọ̀hún ń mú kí àwọn ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì wọn dípẹtà. Iléeṣẹ́ náà wá omi lọ síbòmíràn, iṣẹ́ ń lọ. Àwọn ará Flint, tí wọ́n tó nǹkan bí 100,000, kò ríbi kankan lọ. Fún ọdún kan gbáko lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣì ń fi omi náà se oúnjẹ, tí wọ́n ń fi po mílíìkì fún ọmọ ọwọ́.

Òjé ni ohun tó ba omi náà jẹ́ jù, òjé kan náà tí àwọn olórìṣà Ọbàtálá ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe sì ń yọ́ lé wáyà lórí. Ṣùgbọ́n òjé kò pọ̀ nínú odò Flint. Omi tó jáde ní iléeṣẹ́ omi gan-an kò ní èyí tó tó sọ. Ojú ọ̀nà ló ti kó o. Ẹni tí kò bá sì mọ ibi tí nǹkan ti wọ omi rẹ̀ kò lè mọ fílítà tó yẹ kó rà. Ìdí nìyí tí a fi ní láti kọ́kọ́ tẹ̀ lé omi náà dé ẹnu ẹ̀rọ.

Nínú ọ̀pọ̀ ìlú àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, páìpù ńlá abẹ́ títì jẹ́ irin, ṣùgbọ́n èyí tó yà láti títì wọ inú ilé lè jẹ́ òjé. Òjé rọ̀, ó ṣeé tẹ̀ síbi tó bá wuni, ó sì ń pẹ́ nílẹ̀. Ọdún 1986 ni ìjọba àpapọ̀ tó fòfin dè é pé kí wọ́n má rì í mọ́. Èyí tí wọ́n ti rì tẹ́lẹ̀, òfin náà kò ní kí wọ́n hú u. Ẹ fi òjé tí wọ́n fi ń jó páìpù bàbà pọ̀ kún un, àti ẹnu ẹ̀rọ onídẹ, nítorí wọ́n máa ń lú òjé mọ́ idẹ.

Báwo wá ni wọ́n ṣe mu omi yìí fún àìmọye ọdún láìsí ariwo? Láti ọdún 1967 ni Flint ti ń ra omi lọ́wọ́ Detroit, omi tí wọ́n fà láti Adágún Huron. Nígbà tó yá, Detroit a máa fi fọ́sífétì díẹ̀ sí i. Bí fọ́sífétì bá pàdé òjé lára páìpù, àwọn méjèèjì á dì pọ̀, wọ́n á di èépá líle tí omi kò lè tètè yọ́. Páìpù òjé ṣì wà lábẹ́ èépá yẹn, àmọ́ omi kì í fara kàn án.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2014, Flint fi omi Detroit sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi odò tirẹ̀. Alábòójútó tí gómìnà yàn lé ìlú náà lórí nítorí gbèsè ń wá bí ìnáwó yóò ṣe dín kù. Kò sẹ́ni tó fi fọ́sífétì sí omi tuntun yìí. Bẹ́ẹ̀, kílóráìdì tó wà nínú rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 8 ti Detroit. Díẹ̀ wá láti inú iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Díẹ̀ tún wá láti inú kẹ́míkà tí iléeṣẹ́ omi lò dípò álọ́ọ̀mù láti mú kí ẹrẹ̀ rì sílẹ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ ń jẹ irin, ó sì ń jẹ òjé. Díẹ̀díẹ̀ ni èépá náà ń ṣí kúrò.

Páìpù irin tó ń dípẹtà tún máa ń gba kílórínì inú omi tán, kílórínì tó yẹ kó pa kòkòrò àìfojúrí. Ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, wọ́n rí kòkòrò inú ìgbẹ́ nínú omi, ìlú sì ní kí àwọn èèyàn máa se omi kí wọ́n tó mu ún. Wọ́n tún da kílórínì kún un. Nígbà tí kílórínì bá ìdọ̀tí ewé àti igi inú omi odò pàdé, ó di àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní trihalomethane, èyí náà sì kọjá ibi tí òfin fi mọ. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ omi sísè yìí. Omi tó hó ń pa kòkòrò, kò sí àníàní níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òjé kì í bá èéfín omi lọ. Bí omi ṣe ń fà lórí iná ni òjé ń ki sí i nínú èyí tó kù. Ìmọ̀ràn tó tọ̀nà fún ìṣòro kan ló ń mú èkejì le.

Máíkírógíráàmù nínú lítà kan ni wọ́n fi ń wọn òjé inú omi. Mílíọ̀nù kan rẹ̀ ló tó gíráàmù kan. Òfin ìgbà náà ni pé bí ó bá ju 15 lọ ní ilé tó lé ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, iléeṣẹ́ omi gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan sí i. Ibi tí òfin ti lè mú iléeṣẹ́ omi ni 15 yìí. Ti ọmọdé, kò sí ìwọ̀n kankan tí wọ́n mọ̀ pé kò léwu. Ní ilé kan ní Flint, àyẹ̀wò oṣù kẹta ọdún 2015 gbé 397 jáde. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Marc Edwards àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ láti yunifásítì Virginia Tech bu ọ̀pọ̀ ìgò omi ní ilé kan náà, ọ̀kan lé ní 13,000.

Bí nọ́ńbà ṣe ń fò sókè fò sílẹ̀ yìí kò yani lẹ́nu. Èérún òjé máa ń ré bọ́ lára páìpù nígbàkígbà tó bá wù ú. Ife kan lè mọ́, kí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ májèlé. Àmọ́ ọ̀nà kan tún wà tí nọ́ńbà fi ń kéré. Wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ bu omi àyẹ̀wò kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Òjé tó ti kó jọ sínú páìpù á ti bá ìyẹn lọ. Èmi ò mọ orúkọ tí ẹlòmíì ń pe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Àbòsí ni mo pè é. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ló tú àṣírí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, Mona Hanna-Attisha, dókítà ọmọdé ní Flint, fi hàn pé àwọn ọmọ tí òjé pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lé sí i láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ omi. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá, wọ́n padà sórí omi Detroit.

Ara máa ń ṣi òjé mú fún kálísíọ̀mù ni, ó ń kó o sínú egungun, ó sì ń jẹ́ kó wọ ọpọlọ. Nàìjíríà náà mọ̀ ọ́n: ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti yọ wúrà pa ọmọ tó ju 400 lọ. Èyí tó wà nínú omi ẹ̀rọ kì í sábà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìfarabalẹ̀ ọmọ àti bí ìwé ṣe ń yé e ló máa ń bù jẹ.

Wàyí o, fílítà. Ẹni tó ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé eérí ló ń kù sínú asẹ́, ògì á gba inú rẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni fílítà olówùú lásán ṣe rí: ó ń mú iyanrìn àti ìpẹtà, òjé tó ti yọ́ mọ́ omi á kọjá lọ ní tirẹ̀. Èédú inú fílítà jọ́ọ̀gì ń ṣiṣẹ́ lọ́nà mìíràn. Wọ́n ti fi ooru ńlá dá ihò kéékèèké sí i lára, kẹ́míkà á sì lẹ̀ mọ́ inú ihò wọ̀nyẹn. Ó dára púpọ̀ fún òórùn kílórínì àti fún trihalomethane. Fún òjé, kò tó. Èyí tó ń mú òjé gbọ́dọ̀ jẹ́ èédú tí wọ́n kì mọ́ra débi pé èérún kò ríbi gbà, pẹ̀lú èròjà tó ń dá òjé dúró, tó sì ń fi sódíọ̀mù tàbí háídírójìn sí omi dípò rẹ̀.

Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Ara páálí ni ẹ ó wò, fún nọ́ńbà ìlànà tí wọ́n fi dán fílítà náà wò. NSF/ANSI 42 kò ju ìtọ́wò àti òórùn lọ. Ti ìlera ni 53, síbẹ̀ fílítà lè gba 53 nítorí nǹkan mìíràn, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà “lead” gan-an gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí wọ́n kọ pé ó ń mú. 58 ni ti RO, ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti omi gba inú awọ tí ihò rẹ̀ kéré débi pé omi nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kọjá. RO ń mú òjé, náítírétì, àti PFAS, àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ti lò sára páànù kí oúnjẹ má baà lẹ̀. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń da gálọ́ọ̀nù 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ nù kí ẹ tó rí 1 mu.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn atajà tó ń ki irin méjì bọ omi, tí omi á dọ̀tí wùyẹ̀wùyẹ̀ lójú yín. Irin tí iná ń jẹ ló ń ya sínú omi yẹn, kì í ṣe májèlé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mítà TDS náà kò mọ òjé: gbogbo èròjà tó yọ́ sínú omi ló ń kà pọ̀, kálísíọ̀mù tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan ló sì sábà pọ̀ jù. Omi tó ní òjé burúkú lè gbé nọ́ńbà tó wuyì jáde.

Ẹnu ẹ̀rọ ilé ìdáná ni kí fílítà òjé wà. Èyí tí wọ́n so mọ́ ibi tí omi ti ń wọ ilé kò lè ṣe nǹkan kan sí òjé tó wà lára páìpù inú ilé fúnra rẹ̀. Ẹ má fi omi gbígbóná gba inú fílítà, ẹ má sì bu omi gbígbóná ẹ̀rọ se oúnjẹ, nítorí ó ń yọ òjé ju omi tútù lọ. Kátíríìjì inú fílítà tó ti kọjá àkókò rẹ̀ lè má sàn ju àìní fílítà lọ. Ní Newark ní New Jersey, níbi tí òjé ti wọ omi bákan náà, ìlú pín fílítà káàkiri. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, nínú ilé mẹ́ta tí wọ́n yẹ̀ wò, òjé ṣì pọ̀ ní méjì, ni wọ́n bá ń pín omi inú ike. Àyẹ̀wò tó gbòòrò wá fi hàn lẹ́yìn náà pé èyí tó pọ̀ jù nínú fílítà wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́, pàápàá bí omi bá kọ́kọ́ ṣàn díẹ̀. Síbẹ̀ Newark kò gbójú lé fílítà: láàrin nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ó hú páìpù òjé tó lé ní 20,000.

Ẹni tó bá ń gbé ilé àtijọ́ lókè òkun lè yẹ tirẹ̀ wò. Ẹ wá páìpù tó ti abẹ́ ilẹ̀ wọlé, kó tó dé mítà, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha á. Bàbà á pọ́n. Irin á gba mágínẹ́ẹ̀tì mọ́ra. Èyí tó bá rọ̀ lábẹ́ kọ́kọ́rọ́, tí ojú ibi tí ẹ ha funfun, tó ń dán, tí mágínẹ́ẹ̀tì kò sì lẹ̀ mọ́ ọn, òjé ni. Ẹ pe iléeṣẹ́ omi, kí ẹ sì béèrè ìgbà tí wọn yóò wá pààrọ̀ rẹ̀.