Láti Ọnà Lílé Dé Fínfín: Èdè Gbẹ́nàgbẹ́nà Nínú Iṣẹ́ Àwòṣe Fóòmù

Kí ilé-iṣẹ́ tó náwó lórí ẹ̀rọ tí yóò máa ṣe áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ jáde, ẹni tó ṣètò ìrísí rẹ̀ ní láti mọ̀ bóyá ìdìmú rẹ̀ bá ọwọ́ mu. Àwòrán orí kọ̀ǹpútà kò lè dáhùn ìbéèrè yìí tán. Ohun tí a dì mú ló lè dáhùn rẹ̀. Fóòmù ni wọ́n sábà máa ń fi gbẹ́ irú àwòṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé.

Èrò tiwa ni pé ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ yìí ní Yorùbá kò nílò ọ̀rọ̀ àṣẹ̀ṣẹ̀dá púpọ̀. Kevin Carroll, tó bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ti ṣàkọsílẹ̀ ìpele mẹ́rin tí iṣẹ́ igi ń gbà: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín.

Méjì àkọ́kọ́ bá fóòmù mu láìsí wàhálà. Nínú ọnà lílé, a ó ya ìrísí ẹ̀gbẹ́ àti ti òkè áyọ́ọ̀nù sára fóòmù, a ó sì gé e. Wáyà gbígbóná ń gé polystyrene dáadáa, ṣùgbọ́n ayùn ni ti polyurethane, nítorí májèlé ni èéfín rẹ̀. Nínú àlétúnlé ni ìdìmú yóò ti yà kúrò lára ìdí áyọ́ọ̀nù.

Dídán ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ọ̀bẹ lè mú igi dán, nítorí ara igi ki. Ní ti fóòmù, bí a tilẹ̀ fi sáńpépà 120, 240 àti 400 yún un tẹ̀léra (kí ìbomú má sì kúrò lójú, nítorí eruku), ihò wẹẹrẹ ni yóò máa yọ. A gbọ́dọ̀ fi púútì olómi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí wọn, kí ó gbẹ, kí a tún yún un, títí ojú rẹ̀ yóò fi jọ ara kan. Ìpele yìí kò sí nínú mẹ́rin ti onígi. A dábàá pé kí a pè é ní rírẹ́, bí a ti ń sọ ọ́ nípa ògiri ilé.

Rírẹ́ yìí ń dáàbò bo àwòṣe pẹ̀lú. Èròjà inú ọ̀pọ̀ ọ̀dà alágolo máa ń jẹ polystyrene, tí iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ yóò fi yọ́ dànù ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tí a bá fi epoxy bò dáadáa kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀.

Fínfín ló kù, ó sì fẹ́ àkíyèsí onímọ̀ èdè: à ń fín igbá, à ń fín oògùn ẹ̀fọn, a sì ń fín ọ̀dà. Kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú, kí fínfín jẹ́ ti ọ̀bẹ nìkan, kí a sì máa dárúkọ ọ̀dà bí a bá ń fín in. Ìlà tín-ín-rín máa ń rún lára fóòmù. Inú púútì tó ti le ni a ti ń fín in, ṣáájú ọ̀dà.