Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Veda, ìwé mímọ́ tí wọ́n ń kọ́ sórí

Ẹ̀yin ará Ilé-Ogbó, ẹni tó bá ti gbọ́ ọmọ awo tó ń ké ẹsẹ Ifá tẹ̀lé olúwo rẹ̀ ti mọ bí Veda ṣe wà títí dòní.

Mẹ́rin ni Veda, ìwé mímọ́ àwọn Híńdù ní Íńdíà. Rigveda ló pẹ́ jù: orin ìyìn 1,028, ó sì ti lé ní 3,000 ọdún. Láti kọ́ ọ sórí, olùkọ́ á pè é, ọmọ á gbà á. Ọmọ náà á tún máa pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ síwá sẹ́yìn kí ohùn kankan má baà yẹ̀. Iṣẹ́ ńlá gbáà ni!

Àwọn Upanishad, apá ìparí Veda, ló wá ń wádìí ohun tó so ẹ̀mí ènìyàn mọ́ Brahman, orísun ohun gbogbo.

UNESCO kéde kíké Veda gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé ní 2003. Ifá tiwa tẹ̀lé e ní 2005.