«Wọ́n nà wá» àbí «wọ́n nà wọ́n»? Bí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Kétu ṣe ń wá ìdí ìjákulẹ̀

1. Ìfáárà

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lọ kojú ti Nàìjíríà ní ìlú Uyo. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ ló wà lókè ìsọ̀rí náà pẹ̀lú àmì 17. Gúúsù Áfíríkà ní 15, Nàìjíríà ní 14. Bẹ̀nẹ̀ kò tíì lọ sí Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé rí, eré kan ṣoṣo yìí ló sì kù. Nàìjíríà nà wọ́n ní ayò 4 sí òdo. Lọ́jọ́ kan náà, Gúúsù Áfíríkà na Rwanda ní ayò 3 sí òdo, ó di àmì 18, ó sì gba ipò kìíní.

Àgbàlá kan ní Kétu ni mo ti wo eré náà. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n sí abẹ́ igi, gbogbo àdúgbò sì péjọ síbẹ̀. Nígbà tí eré parí, kò sí ẹni tó dìde. Ẹnì kan kàn sọ pé, «Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wà yìí o, ìṣẹ́gun ta ni?» Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ó sì lé ní wákàtí méjì. Nítorí pé ìmọ̀ èdè ni iṣẹ́ mi, mo fetí sí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fetí sí ohun tí wọ́n ń sọ. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ máa ń dáhùn ìbéèrè méjì pọ̀: kí ló fà á, àti ta ni ó ṣẹlẹ̀ sí? Ọ̀rọ̀ kéékèèké méjì ni ó ru ẹrù ìdáhùn náà: «ni» àti «a».

2. Ohun tí olúkúlùkù sọ pé ó fà á

Èsì tí mo gbọ́ pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní dá lórí ohun tí gbogbo wa fojú rí lórí pápá. Victor Osimhen gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú kẹta, nígbà tí àwọn kan ṣì ń wá àga. Ó tún gbá méjì sí i, Frank Onyeka sì fi ẹ̀kẹrin kún un nígbà tí eré fẹ́ parí. «Osimhen ni ó nà wá,» ni awakọ̀ zémidjan kan wí. Ẹlòmíràn ní akọ́nimọ̀ọ́gbá ni kí a bi. Gernot Rohr ló darí Nàìjíríà láti ọdún 2016 sí 2021 kí ó tó wá sí Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó ti gbé nínú ilé wọn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó mọ ibi tí wọ́n ń gbà wọlé.

Èkejì dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí a tó dé Uyo. Olùkọ́ kan mú bírò, ó sì ṣírò rẹ̀ fún wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Bẹ̀nẹ̀ ta ọ̀mì òdo sí òdo pẹ̀lú Lesotho. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ó ta ọ̀mì 2 sí 2 pẹ̀lú Zimbabwe. «Ká ní a borí ọ̀kan péré nínú méjèèjì, àmì 19 la ò bá ní. Wọn ì bá nà wá ní Uyo bí wọ́n ṣe nà wá yìí, a ò bá ṣì lọ. Ọ̀mì wọ̀nyẹn ni ó pa wá.» Nígbà tí ẹnì kan dáhùn pé ọ̀mì ní Uyo náà ì bá tó, olùkọ́ náà mi orí. Àmì 18 ni ìbá jẹ́ fún àwa àti Gúúsù Áfíríkà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ayò tiwọn parí sí 6, tiwa ì bá jẹ́ 5. Ayò kan péré.

Àwọn mìíràn ní, «Ilé ni a kò ní.» Òótọ́ ni pé Abidjan ni Bẹ̀nẹ̀ ti ń gbàlejò, kì í ṣe Kútọnu. Ibẹ̀ ni Gúúsù Áfíríkà ti borí ní ayò 2 sí òdo ní oṣù kẹta ọdún 2025. Ṣùgbọ́n olùkọ́ náà rán wọn létí pé ní Abidjan yìí kan náà ni Bẹ̀nẹ̀ ti na Nàìjíríà ní 2 sí 1 ní oṣù kẹfà ọdún 2024.

Ẹ̀kẹta ni ti ohun tó kọjá agbára ẹni. Nàìjíríà ní èèyàn tó ju igba mílíọ̀nù lọ, Bẹ̀nẹ̀ kò sì tó mílíọ̀nù 15. «Orí ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù,» ni àgbàlagbà kan wí. Ó fi kún un pé orúkọ ni wọ́n yí padà ní ọdún 2022, láti Écureuils sí Guépards, pé ọ̀kẹ́rẹ́ tí a pè ní ẹranko ńlá kò tìtorí bẹ́ẹ̀ ga sí i. Ẹ̀rín sọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

3. Iṣẹ́ tí «ni» ń ṣe

Ẹ wo gbólóhùn wọ̀nyẹn dáadáa. «Osimhen nà wá» kàn ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. «Osimhen ni ó nà wá» ń sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó mú Osimhen, ó ti àwọn yòókù sẹ́yìn. Èyí ni àwọn onímọ̀ gírámà Yorùbá ń pè ní gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́. Ààyè kan ṣoṣo ni ó wà níwájú «ni». Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìdí ní láti yan ohun tí yóò gbé síbẹ̀.

Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn náà fi gùn. Kò sí ẹni tó jiyàn pé Osimhen gbá mẹ́ta wọlé, kò sì sí ẹni tó sọ pé olùkọ́ ṣe ìṣirò èké. Gbogbo wọn gba òtítọ́ ara wọn. Ohun tí wọ́n ń jà sí ni ààyè tó wà níwájú «ni», nítorí pé ohun tí a bá gbé síbẹ̀ ló ń sọ ohun tó kù láti ṣe. Bí ó bá jẹ́ Osimhen ni, kí a máa retí ọjọ́ tí ara rẹ̀ yóò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀mì ni, kí a má fojú kéré eré kankan mọ́. Bí ó bá jẹ́ ilé ni, iṣẹ́ ìjọba ni. Bí ó bá jẹ́ orí ni, kí a gbà, kí a lọ sùn. Àwọn kan ń wá ìtùnú, àwọn kan ń wá àtúnṣe, «ni» kan náà ni wọ́n sì ń lò. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní àgbàlá yẹn, ẹ̀yìn ni gbogbo wa ń wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibì kan náà ni ojú wa ń dúró sí.

4. Ta ni wọ́n nà?

Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ló gbé ìbéèrè kejì. Ní ọdún 1976, Robert Cialdini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń sọ «àwa» nípa ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ wọn nígbà tó bá borí ju ìgbà tó bá pàdánù lọ. Mo rí ohun tó jọ ọ́ ní Kétu. Ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ na Rwanda ní 1 sí òdo ní Kigali, «a ti fẹ́ débẹ̀» ni gbogbo ẹnu ń wí. Lẹ́yìn Uyo, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ «wọ́n nà wọ́n».

Àwa tí a ka ìwé ní èdè Faransé mọ ibi ìsádi kan: «on a perdu». «On» yẹn lè jẹ́ àwa, ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni. Yorùbá kò fún wa ní irú ààbò bẹ́ẹ̀ nínú gbólóhùn yìí. «Wá» ni tàbí «wọ́n». Ẹni tó bá sì sọ pé «wọ́n nà wọ́n» ti jáde kúrò lórí pápá pátápátá: kò sí nínú àwọn tó nà, kò sí nínú àwọn tí wọ́n nà.

Ṣùgbọ́n ní Kétu, ìtìjú nìkan kò tó láti ṣàlàyé èyí. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní ọdún 1889 ló gé ilẹ̀ Kétu sí méjì. Ìmẹ̀kọ, tó wà lábẹ́ ọba Kétu tẹ́lẹ̀, wà ní Nàìjíríà lónìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jókòó ní àgbàlá náà ní ìyekan tàbí àna níbẹ̀, fóònù àwọn kan sì ti ń dún láti ìdajì eré, tí ará ìhà kejì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wí pé «wọ́n nà wọ́n», awakọ̀ zémidjan yẹn yíjú sí i: «Àbúrò, ìwọ ńkọ́? Ẹ̀yìn ta ni o wà?»

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ìbéèrè tí èmi náà ti gbọ́ rí nìyẹn, nílé-ẹ̀kọ́, nítorí pé mo ń sọ Yorùbá nílé: ṣé ará Bẹ̀nẹ̀ ni mí lóòótọ́? Ẹni tí wọ́n bá ti bi ní irú rẹ̀ kì í sọ «wọ́n» láìronú. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò tètè fèsì. Nígbà tó yá, ó ní: «Ẹ̀gbọ́n, àwa ni wọ́n nà.»

5. Ìkádìí

Gbólóhùn yẹn lo ọ̀rọ̀ kéékèèké méjèèjì pọ̀. Kò gbé Osimhen síwájú «ni», kò gbé ọ̀mì tàbí orí síbẹ̀. Àwa ló gbé síbẹ̀. Kò yanjú ọ̀rọ̀ ohun tó fa ìjákulẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tó tún sọ «wọ́n nà wọ́n» mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, a sì padà sórí ìṣirò olùkọ́.

Àgbàlá kan àti alẹ́ kan ni mo gbé ọ̀rọ̀ yìí kà, yóò dára kí a tẹ́tí sílẹ̀ bákan náà ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́. Kí n tó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, mo tún ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ kà. Mo rí i pé «Nàìjíríà nà wọ́n» ni èmi fúnra mi kọ, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa kọ ìwé ìmọ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí òǹkàwé lè rí i. Ní àgbàlá yẹn, n kò ní lè sọ ọ́.